ÀṢÍRÍ ỌMỌ, ÀGBÀFIPAMỌ́ NI LỌ́WỌ́ ÒBÍ

Kutubah Jímọ̀ tí a kà ní mọ́sálásí wa ní Abúlé Ẹ̀gbá, Ìpínlẹ̀ Èkó

KUTUBAH KÌN-ÍN-NÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ẹ̀dá tí Ó sì ń bo àṣírí wọn. Òun ni a ń yìn, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ti ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ àti àforíjìn. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, mo sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sahábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ọ̀dọ́langba ilé wa, láti ọmọ ọdún 13 títí dé ọmọ ọdún 18, àti bí a ó ti dáàbò bo àṣírí wọn lórí ayélujára. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé: àṣírí ọmọ jẹ́ àgbàfipamọ́ lọ́wọ́ òbí. Òbí kò ní àṣẹ láti ná an fún ìgbádùn ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí àjèjì jí i lọ. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, òbí ni ó yẹ kí ó jẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ tí a ó fi bo ọmọ náà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí. Nínú Súrà Ìmọ́lẹ̀, ẹsẹ 27, Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìgba ìyọ̀ǹda àti láìkí àwọn ará ilé. Nínú ẹsẹ 58 Súrà kan náà, Ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọdé máa gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó wọlé tọ àwọn àgbà ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun àsùbá, ní ọ̀sán gangan nígbà tí a bá bọ́ aṣọ sinmi, àti lẹ́yìn ìrun iṣáì. Ẹsẹ 59 sì fi kún un pé bí àwọn ọmọ náà bá ti bàlágà, kí wọ́n máa gba ìyọ̀ǹda nígbà gbogbo gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ẹ wò ó bí ẹ̀sìn wa ti fi ìpele sí i. Ọmọ kékeré ní ìwọ̀n tirẹ̀, ọmọ tí ó ti ń bàlágà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí a ti ń kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn, òun náà ti ní ìkọ̀kọ̀ tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún.

Sahl ọmọ Sa‘d gbà á wá fún wa pé ọkùnrin kan yọjú láti inú ihò wo inú yàrá Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó mú ìyarun onírin kan lọ́wọ́. Ànábì jẹ́ kí ó yé ọkùnrin náà pé bí òun bá ti mọ̀ pé ó ń yọjú ni, òun ì bá fi ìyarun náà gún un lójú, nítorí pé tìtorí ojú ni a ṣe ṣe òfin gbígba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin ènìyàn mi, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ wa nínú bọ́ọ̀sì BRT láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Òṣòdì, ilẹ̀kùn ni. Fóònù tí ó gbé sábẹ́ ìrọ̀rí lóru, ilẹ̀kùn ni. Bí ilẹ̀kùn yìí bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ojú tí ń gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe ojú ẹnìkan. Ojú gbogbo ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, èyí tí ilé-ẹjọ́ ti gbọ́ tí ó sì ti dá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan wà ní ìlú Marquette, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Ọ̀rọ̀ wọ̀ lára, ọmọbìnrin náà sì ní kí ó fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà fi í ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn yí padà: kí ó san owó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó san 300 dọ́là. Wọ́n ní kò tó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà nínú ilé kan náà tí kò mọ nǹkan kan.

Ta ni ọmọbìnrin náà? Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n wà ní ìlú Èkó wa níhìn-ín, ni wọ́n ń lo àkáǹtì tí a jí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ju 100 lọ, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni a fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá: ìyá kan ní Michigan sin ọmọ rẹ̀, ìyá kan ní Èkó sì pàdánù ọmọ méjì sí ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ òkèèrè. Ayélujára kan náà ni ó so ilé méjèèjì pọ̀.

Kí ni ohun ìjà àwọn ọ̀daràn náà? Kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe àdá. Ìtìjú ni. Ohun tí ó sì fún ìtìjú lágbára láti pa ọmọ ni pé ọmọ náà rò pé kò sí àgbàlagbà kan tí òun lè wí i fún. Nítorí náà, ààbò àkọ́kọ́ tí òbí lè fún ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù. Òun ni kí ọmọ mọ̀ dájú, kí ewu tó dé, pé bí òun bá kọsẹ̀, ilé ni òun yóò kọ́kọ́ sá sí.

Ànábì kọ́ wa bí a ti ń ṣe é. Abū Umāmah gba ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tí ó wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe sìná. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kí ó súnmọ́ òun. Ó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún arábìnrin rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń dáhùn pé rárá. Lẹ́yìn náà ni Ànábì gbé ọwọ́ lé e, tí ó sì ṣe àdúà fún un. Kò jágbe, kò sì lé e. Ọ̀dọ́ náà jókòó ti ẹni tí ó lè tún ọkàn rẹ̀ ṣe, nítorí pé a fà á súnmọ́. Àwọn àgbà wa náà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́njú mọ ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ òde òní ń wá.

Ààbò kejì ni kí òbí fúnra rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tú àṣírí ọmọ. Àwa òbí ni a ń gbé ọjọ́ ìbí ọmọ, ọjọ́ àti ọdún, sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Àwa ni a ń ya ọmọ nínú aṣọ ilé-ìwé, tí orúkọ ilé-ìwé hàn gbangba ní àyà rẹ̀. Àwa ni a ń gbé èsì ìdánwò WAEC àti JAMB jáde tòun ti nọ́ńbà ìdánwò, àti ìwé NIN ọmọ tòun ti nọ́ńbà mọ́kànlá orí rẹ̀. Àwa ni a ń ya fídíò ọmọ tí ó ń sunkún nígbà tí a ń nà án, kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 14 tí ẹ̀yin fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí i lọ́la. Ẹni tí ó fẹ́ jí ọmọ gbé kò ní láti ṣe wàhálà mọ́: orúkọ ọmọ, ilé-ìwé rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sílé, òbí ti tò ó sílẹ̀ fún un.

Àwa ará Abúlé Ẹ̀gbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí ihò kékeré lè fà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ihò tí a dá sára ọ̀pá epo ní àdúgbò wa ni iná ti ràn, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀mí sì bá a lọ. Àwọn tí ó gbé garawa lọ síbẹ̀ kò rí iná. Epo ni wọ́n rí. Kí Ọlọ́hun má tún fi irú rẹ̀ hàn wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán tí a ń gbé jáde: oríyìn àwọn ènìyàn ni à ń rí, a kò rí ẹni tí ó ń kó o pamọ́. Kí òbí tó gbé àwòrán ọ̀dọ́langba jáde, ẹ kọ́kọ́ bi í: ǹjẹ́ o fẹ́ kí n gbé èyí jáde? Ìbéèrè yẹn jẹ́ ẹ̀kọ́ fún un, nítorí pé òun náà yóò kọ́ láti béèrè kí ó tó gbé àwòrán ẹlòmíràn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún gbogbo yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, nítorí pé Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, a ti sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ọmọ àti nípa ọwọ́ òbí. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn gan-an, kí a mọ bí a ti ń tì í.

Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ jọ ṣe é, kí ó má jẹ́ pé ẹ já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí ibi tí a kọ Privacy sí, kí ó jẹ́ pé àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò máa rí àwòrán rẹ̀, tí yóò sì lè fi í sínú ẹgbẹ́. Ẹ tan ààbò onípele-méjì, èyí tí ń béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tí ọmọ náà yàn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé nọ́ńbà mẹ́fà tí ó bá wọlé nípa àtẹ̀jíṣẹ́, kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tàbí olùkọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí àkáǹtì nìyẹn. Ẹ bá a pa ohun tí ń sọ ibi tí ó wà fún àwọn ètò orí fóònù tí kò nílò rẹ̀.

Kókó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò kà sí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Instagram ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àkáǹtì àwọn ọ̀dọ́langba di ti ìkọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò sì lè tú ààbò náà láìsí ìyọ̀ǹda òbí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 ni TikTok náà ti ń fi àkáǹtì àwọn ọmọ ọdún 13 sí 15 sí ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá parọ́ ọjọ́ orí, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 20, gbogbo ààbò wọ̀nyí di asán, àgbàlagbà ni wọn yóò kà á sí. Irọ́ kò dára nínú ẹ̀sìn wa ṣáájú kí ayélujára tó dé. Níhìn-ín, irọ́ náà gan-an ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Kí òbí má ṣe bá ọmọ parọ́ ọjọ́ orí.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé kí n wá máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi bá ń sọ ni? Ẹ jẹ́ kí a ṣe déédéé. Olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá nípa ohun tí a fi sí ìkáwọ́ wa. Nítorí náà, òbí tí ó bá ju fóònù sí ọmọ tí ó sì gbé ojú kúrò ti da àgbàfipamọ́. Ṣùgbọ́n nínú Súrà àwọn Yàrá, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun tún kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin ara wa. Anas ọmọ Mālik, ọ̀dọ́mọdé tí ń ṣe ìránṣẹ́ Ànábì, pẹ́ kí ó tó délé lọ́jọ́ kan. Ìyá rẹ̀ bi í ohun tí ó dá a dúró. Ó ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó rán òun níṣẹ́. Ìyá ní iṣẹ́ wo? Ọmọ ní àṣírí ni. Ìyá rẹ̀ kò fi ipá mú un, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ àṣírí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìyá yìí. Ó béèrè ibi tí ọmọ lọ, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó mọ ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni náà sì ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí ó ti mọ ìwọ̀nyí, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà tọ ọ̀nà yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ lórí ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Òfin kan náà sì fún òbí ní àyè láti mójú tó ọmọ ní ìwọ̀n tí ó bójú mu. Nítorí náà, ẹ mọ àwọn tí ọmọ yín ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi àdéhùn sí i pé fóònù kì í bá ọmọ sùn nínú yàrá lóru. Ọmọ ọdún 13, ẹ súnmọ́ ọn gidigidi. Ọmọ ọdún 17, ẹ jẹ́ kí okùn gùn díẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àmì ewu, bí ọmọ kò bá jẹun mọ́, bí ó bá ń fi fóònù pamọ́ tẹ̀rù-tẹ̀rù, tàbí tí ó ń wá owó lójijì, ẹ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé.

Bí ohun tí a ń bẹ̀rù bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe na ọmọ. Ẹ má ṣe sanwó, nítorí pé ẹni tí ó gba ìkíní yóò béèrè ìkejì, bí a ti rí i ní Michigan. Ẹ má ṣe pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ̀rí ni wọ́n. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ àti orúkọ àkáǹtì náà, kí ẹ tó dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá, tàbí kí ẹ pe àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìbálòpọ̀, DSVA, lórí 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni. Ètò ọ̀fẹ́ kan tún wà láti ọdún 2023 tí a ń pè ní Take It Down, fún àwòrán ìhòòhò ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àwòrán náà kì í kúrò nínú fóònù ọmọ. Àmì rẹ̀ nìkan ni ètò náà ń gbà, tí ó sì ń fún Instagram, Facebook, TikTok àti àwọn mìíràn kí wọ́n lè dá a mọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́. Kò lè dé inú ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, nítorí náà, kí a yára.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ó ku ọmọ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, fídíò àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Èkó, tí wọ́n lọ ṣe ìdíje eré ìdárayá ní Dubai, gba orí fóònù gbogbo ìlú kan. Ìjọba ti ilé-ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà lórí mínbárì yìí, torí àwọn ọmọ náà ṣì ń dàgbà láàárín wa. Ta ni ó tan fídíò náà káàkiri? Àgbàlagbà ni, àwọn bàbá àti ìyá tí ó ní àwọn ń káàánú, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹbí àti ẹgbẹ́ àdúrà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kìlọ̀ nígbà náà pé ẹni tí ó bá ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó tàn án ká lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 pẹ̀lú kò yọ̀ǹda kí ènìyàn pín in tàbí kí ó tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hazzāl ni ó gba Mā‘iz nímọ̀ràn pé kí ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níwájú Ànábì, Ànábì sọ fún un pé ì bá sàn fún un bí ó bá ti fi aṣọ rẹ̀ bo ọkùnrin náà. Bí ó bá rí báyìí fún àgbàlagbà tí ó mọ ohun tí ó ṣe, báwo ni yóò ti rí fún ọmọdé? Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá kàn yín, kí ó dópin lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó bá bo àṣírí mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ láyé àti lọ́run.

Ẹ má sì gbàgbé ìyá tí ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ẹ̀wọ̀n. Bí a ti ń dáàbò bo ọmọ wa kí wọ́n má ṣe é ní ibi, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣọ́ ọ kí òun náà má ṣe ẹlòmíràn ní ibi. Bí ọmọ ọdún 19 bá ń fi fóònù nìkan kówó wálé, tí kò ní iṣẹ́ tí a mọ̀, kí bàbá bi í léèrè kí ó tó jẹ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ àṣírí ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń tà.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ìwọ tí Ò ń bo àṣírí, bo àṣírí wa àti ti àwọn ọmọ wa. Má ṣe fi ọ̀tá mọ ọ̀nà ilé wa. Fún àwa òbí ní ọgbọ́n àti sùúrù, kí àwọn ọmọ wa lè sá sọ́dọ̀ wa nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Tu àwọn òbí tí ọmọ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníbi nínú. Mú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó ti ṣìnà padà, kí Ìwọ sì fún wọn ní iṣẹ́ alààl tí yóò tó wọn. Foríjin àwọn òkú wa. Fún Abúlé Ẹ̀gbá, Èkó àti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní àlàáfíà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad. Áámíìn.

Ẹ dìde, kí a kí ìrun.